Ọ̀wọ́n Ata: Ẹni Tó Fẹ́ Ká A Lóṣù Karùn-ún, Oṣù Kọkànlá Ló Ti Ń Gbìn Ín

Ọdọọdún ni, bí oṣù karùn-ún bá ti ń parí lọ, igbe kan náà ló máa ń jáde láti ọjà Máìlì 12 ní Èkó, láti Ṣáṣá àti Bódìjà n'Ìbàdàn, títí dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń pàtẹ ata síwájú ilé rẹ̀ ní àdúgbò: ata ti wọ́n. Aláta a ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, ibi tí òun ti rà á ló ti wọ́n. Ẹni tó tà á fún un a ní awakọ̀ ló fowó kún owó ọkọ̀. Awakọ̀ a ní epo ni. Kí wọ́n tó parí àròyé, ìyàwó ilé tó gbé apẹ̀rẹ̀ wá sọ́jà yóò ti ka rodo márùn-ún tí wọ́n kó jọ sójú kan, yóò gbọ́ iye tí wọ́n ní kó mú wá, yóò sì rántí pé ilẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé òun, tàbí pé ike ọ̀dà méjì kan wà níbẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú. Bó bá délé, á fọ́ rodo kan nínú èyí tó rà, á da hóró rẹ̀ sílẹ̀, á bomi rin ín, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Hóró rodo tí wọ́n bá gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà yóò lo ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kó tó yọrí. Yóò tún lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó tó ohun tí wọ́n lè tú lọ síbi tí yóò dúró sí. Láti ibẹ̀, ó di nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí èso àkọ́kọ́ tó pọ́n. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ìparí oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá ni ata náà yóò tó dé inú ọbẹ̀. Ní àsìkò yẹn, ata tí àwọn àgbẹ̀ fi òjò gbìn ní Òkè-Ògùn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ti wọ ọjà, igbe ti rọlẹ̀. Ìyàwó ilé yóò wo ìdí ata mẹ́rin tó fi bí oṣù márùn-ún tọ́jú, yóò wo èyí tí wọ́n kó jọ lọ́jà, yóò sì gbà pé iṣẹ́ àṣedànù lòun ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí ata bá tún wọ́n, á tún fọ́ rodo mìíràn sílẹ̀.

Kì í ṣe àìgbọ́n ló ń fà á. Inú tó bí ènìyàn ló ń rán an lọ sí ẹ̀yìnkùlé, inú kì í sì í bí ẹnikẹ́ni sí ata nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà obìnrin yìí kò yàtọ̀ sí ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ètò àwọn ìjọba Nàìjíríà láti ọjọ́ pípẹ́: ìgbà tí ebi bá ti ń pa ará ìlú ni wọ́n máa ń rántí hóró.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976 ni ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀. Àwọn tó ti tó ọmọ ilé ìwé nígbà náà kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú gbin nǹkan sí àyíká ilé rẹ̀, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sóko ní àsìkò ìsinmi, ilé ìwé àti bárékè ń dá oko. Nígbà tí ìjọba alágbádá Ṣéhù Ṣàgàrí dé, Green Revolution ni tiwọn ń jẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba rẹ̀ tún kéde pé òun yóò yọ owó ibodè kúrò lórí àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà fún àádọ́jọ ọjọ́. Ata kò sí nínú wọn, kò sì lè sí níbẹ̀, nítorí kò sí ọkọ̀ òkun tí ń kó rodo tútù wọ Àpápá. Lọ́dún 2024 yìí kan náà ni ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, bẹ̀rẹ̀ ètò tó pè ní Every Home A Garden, tó fi ń rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n gbin ohun tí wọ́n ń jẹ sí àyíká ilé wọn. Àwọn kan gbóṣùbà fún un, àwọn mìíràn bú u, wọ́n ní ṣé ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ni yóò gba Nàìjíríà lọ́wọ́ ebi.

Ìhà méjèèjì ló ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ọgbà ilé kò lè bọ́ Èkó. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ìdílé kan ń rà lọ́jà, bóyá ni nǹkan mìíràn wà tó rọrùn láti gbìn sí ààyè kékeré bí ata, tó sì ń so léraléra bí ata. Ìdí àgbàdo kan yóò fúnni ní ṣùkù kan tàbí méjì, ó parí. Rodo tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa, tí omi kò wọ́n ọn, lè máa so fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí igi kékeré tí kì í tètè kú ni í ṣe nílẹ̀ olóoru. Àwọn ènìyàn ló máa ń fà á tu. Ìdí mẹ́wàá tó wà ní àlàáfíà lè gba ìdílé tí kò pọ̀ jù lọ́wọ́ rírà rodo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ẹni tó ń ka owó lé owó kó tó lọ sọ́jà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó náà ti tó, kó wo ìṣirò NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ náà sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ti wà ní oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìṣirò padà, òǹkà náà sì wálẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí òǹkà bá wálẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọjà padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, ó kàn ń sọ pé kò yára gòkè bíi ti àtẹ̀yìnwá ni.

Ọ̀rọ̀ ata tún ní ti ara rẹ̀ lọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú tàtàṣé, ṣọ̀mbọ̀ àti tòmátì tí wọ́n ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, àti apá kan nínú rodo pẹ̀lú, láti Kánò, Kàdúná, Kàtsínà àti Jígáwá ni wọ́n ti ń wá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fi omi odò àti ti ìsédò gbìn wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ni ọjà fi máa ń kún láti ìparí ọdún títí di ìgbà tí oòrùn bá mú gan-an. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, irè ẹ̀ẹ̀rùn ti tán lọ́hùn-ún, èyí tí wọ́n fi òjò gbìn ní ìhà ibí kò sì tíì pọ́n. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ń pè ní ọ̀wọ́n ata. Kò yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún, bí kò ṣe pé àwọn nǹkan mìíràn máa ń wá gun orí rẹ̀.

Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta ló gun orí rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní Ebola tòmátì, títí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pàjáwìrì nítorí rẹ̀. Ó tún padà wá lọ́dún 2024. Tòmátì ni kòkòrò náà ń bà jẹ́ jù, ṣùgbọ́n bí tòmátì bá wọ́n, orí ata ni gbogbo ènìyàn ń ṣí sí, ata náà á sì gbówó lérí. Lọ́dún 2021, ìjà ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn ní oṣù kejì ló fà á. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná, nígbà tó sì yá, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti òkè ọya dá ọkọ̀ wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ ìhà gúúsù títí di ọjọ́ kẹta oṣù kẹta. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ará Èkó tó mọ̀ pé ọbẹ̀ òun wà lọ́wọ́ awakọ̀ tí òun kò rí rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ epo dé. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti súnmọ́ 1,000 náírà ní Èkó. Ọkọ̀ tó ń kó ata láti Kánò kì í ṣe epo bẹtiróòlù ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ, dísù ni, ṣùgbọ́n dísù pàápàá kò dúró lójú kan.

Èyí ló fà á tí ata ẹ̀yìnkùlé fi ní ìtumọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ata tó wà lẹ́yìn ilé kò wọ ọkọ̀, kò san owó ojú ọ̀nà, kò sì jẹrà sórí afárá nígbà tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ bá mú. Ṣùgbọ́n kó tó lè wúlò, ó gbọ́dọ̀ pọ́n nígbà àlàfo yẹn, láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó pọ́n nígbà náà gbọ́dọ̀ gbin hóró rẹ̀ ní àárín oṣù kọkànlá, kó tú ọmọ ata rẹ̀ gbìn ní oṣù kìn-ín-ní, nínú ọyẹ́ àti oòrùn, nígbà tí ata ṣì wà lọ́jà lọ́pọ̀ tí kò sì sí ẹni tó ń ronú kàn án. Ohun tó sì máa ń dá àwọn ènìyàn dúró nígbà náà kò ju mẹ́ta lọ: hóró, omi, àti ilẹ̀.

Hóró ló rọrùn jù nínú wọn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń mú hóró láti inú rodo tútù tí kò tíì pọ́n, tàbí láti inú èyí tí wọ́n ti sá gbẹ sórí ààrò. Ti àkọ́kọ́ kò gbó, ti ìkejì ti jóná nínú. Rodo tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ni wọ́n ń fi ṣe irúgbìn. Wọn á gbọn hóró rẹ̀ sórí ìwé, wọn á sá a ní ibòji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, kì í ṣe nínú oòrùn. (Kí ẹni tó ń ṣe é fi ọ̀rá wé ọwọ́. Ohun tó ń ta nínú ata kò sí nínú hóró gan-an, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ara ẹran funfun tó gbá hóró náà mú ló wà, ọwọ́ tó bá kàn án kò gbọdọ̀ kan ojú.) Láàárín oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, hóró tó gbẹ dáadáa, tí wọ́n sì pa mọ́ síbi tó tutù tí ọ̀rinrin kò dé, ṣì lè hù. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá mú hóró ní oṣù kẹjọ, nígbà tí rodo dára tó sì pọ́n, kò ní í wá hóró kiri ní oṣù kọkànlá.

Ọ̀rọ̀ hóró yìí ní ìhà mìíràn tí kò hàn sí ojú lásán. Láàárín bí ogún ọdún sẹ́yìn, irúgbìn inú páálí láti òkè òkun ti pọ̀ lọ́jà, èyí tí wọ́n kọ F1 sí lára. Irú méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n mú kan ara wọn kí wọ́n tó rí i. Ó ń so púpọ̀, èso rẹ̀ dọ́gba, ó sì máa ń lè dènà àìsàn kan tàbí òmíràn; àgbẹ̀ tó ní éékà ilẹ̀ mọ ìdí tí òun fi ń rà á. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ilé bá mú hóró láti inú èso rẹ̀, kò ní í rí irú rẹ̀ kan náà mọ́. Òmíràn á so wẹ́wẹ́, òmíràn á pẹ́, òmíràn kò ní í ta. Ó di dandan kó tún ra páálí mìíràn. Rodo tó wà lọ́jà lónìí lè jẹ́ irú F1 yìí, kò sì sí bí ẹni tó rà á ṣe lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Àwọn tó bá gbìn ín tí kò rí bí wọ́n ti rò ni wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ àwọn kò bá ilẹ̀ mu.

Lọ́dún 2021, ìjọba Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó fún ẹni tó bá ṣe irúgbìn tuntun láṣẹ lórí rẹ̀. Rodo ìbílẹ̀ tí àwọn ìyá ti ń gbìn láti ìran dé ìran kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni lábẹ́ òfin yìí, ẹnikẹ́ni ló lè pa hóró rẹ̀ mọ́. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti òfin. Ewu náà ni pé bí kò bá sí ẹni tó ń pa á mọ́, kò ní í pẹ́ tí wọn yóò máa wá a tì. Àwọn ará Nsukka ní ìpínlẹ̀ Enugu mọ èyí: ata yíyẹ́lò wọn tó ń ta sánsán ti lókìkí nítorí pé wọ́n di irú rẹ̀ mú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí NIHORT tó wà ní Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 fún iṣẹ́ èso àti ẹ̀fọ́, kò jìnnà sí ọjà Bódìjà rárá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ata ní Bódìjà kò mọ̀ pé irú ibẹ̀ wà. Bí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bá fẹ́ ṣe nǹkan tí kò gbówó púpọ̀ lórí, kí wọ́n jẹ́ kí hóró rodo ìbílẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò máa ti ibẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí oṣù kọkànlá tó wọlé. Hóró tí wọ́n bá pín ní oṣù keje, níwájú kámẹ́rà, tí ṣẹ̀ṣẹ̀ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ irú yìí kò yẹ kó ṣàjèjì, nítorí ata fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus lọ́dún 1492, àwọn oníṣòwò Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e dé etíkun Áfíríkà. Kó tó dé, ataare, ìyèré àti eérú ni ó ń ta nínú ọbẹ̀ àwọn baba ńlá. Hóró tó wọ ìlú lọ́wọ́ àlejò ni àwọn ìyá gbà, tí wọ́n ṣà, tí wọ́n pa mọ́, títí ó fi di ohun tí Yorùbá ń sọ nípa rẹ̀ pé ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ẹyẹ náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu, ẹyẹ á gbé e mì, á sì yà á sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri, ìyẹn ló fà á tí ata wẹ́wẹ́ fi ń hù níbi tí kò sẹ́ni tó gbìn ín.

Omi ni ọ̀rọ̀ kejì, òun ló sì le jù. Ata tí wọ́n tú gbìn ní oṣù kìn-ín-ní kò rí òjò títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ìdí mẹ́wàá nínú ike tàbí àpò yóò máa mu bíi kẹ́ẹ̀gì kan lóòjọ́ nígbà tí oòrùn bá mú. Ní àdúgbò tó ní kànga tí kì í gbẹ, èyí kò le. Ní ilé tí wọ́n ti ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, ẹni tó ń fi omi rírà rin ata yóò ṣírò rẹ̀ títí yóò fi rí i pé ọjà ṣì pọ́ọ́kú. Àwọn kan ti rí ọgbọ́n dá sí i: omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń dà sí i, wọ́n sì ń fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ kí oòrùn má tètè fa omi náà. Ó ń dín in kù, kò lè mú un kúrò. Níbi tí ìjọba kò ti fa omi ẹ̀rọ dé, ìwàásù lórí ọgbà ilé ní ibi tó mọ.

Ilẹ̀ ni ìkẹta. Àwọn onílé ti fi kọnkéré bo àgbàlá tán ní Èkó àti Ìbàdàn, kí ẹrẹ̀ má baà wà, kí ọkọ̀ lè rí ibi dúró sí. Ayálégbé tó bá gbé àpò ìrẹsì mẹ́fà tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ síwájú yàrá rẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu onílé, bí ewúrẹ́ aládùúgbò kò bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ata kò bèèrè ilẹ̀ púpọ̀. Ike tó gba jálá omi méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, tí wọ́n lu ihò sí nídìí, ti tó fún ìdí kan. Ihò yẹn ṣe pàtàkì ju ajílẹ̀ lọ, nítorí gbòǹgbò ata tó bá wà nínú omi yóò jẹrà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ewé rẹ̀ á rọ bí ẹni pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á tún wá omi kún un. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù náà kì í ṣe ajílẹ̀, iná ni. Ó gbọ́dọ̀ jóòrò fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó súnmọ́ ìdí ata.

Bí àwọn mẹ́ta yìí bá ti wà, àìsàn ló kù. Èyí tó ń pa ata jù ní ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ewé rẹ̀ máa wé, kó ní àmì yíyẹ́lò, kí igi rẹ̀ má sì ga mọ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ara ewé ló sì ń gbé e láti ìdí kan dé òmíràn. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ìdí tó bá ti mú ni wọ́n gbọ́dọ̀ fà tu kó tó ran ìyókù, ohun tó sì máa ń dun àwọn ènìyàn láti ṣe nìyẹn. Àwọn kòkòrò náà ni wọ́n lè bá jà: omi ewé dóńgóyárò tí wọ́n gún, tí wọ́n rẹ mọ́jú, tí wọ́n sì fi ọṣẹ díẹ̀ sí, máa ń lé wọn bí wọ́n bá ń fọ́n ọn sí abẹ́ ewé léraléra. Eérú tí àwọn àgbà ń kù sí ewé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ibi tí tòmátì tàbí ìgbá ti so lọ́dún tó kọjá kò dára fún ata, nítorí ìdílé kan náà ni wọ́n, àìsàn ọ̀kan ni ti èkejì. Iyẹ̀pẹ̀ mìíràn ni kí wọ́n dà sínú àpò.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba ti mọ ìwúlò kàlẹ́ńdà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òtútù ló kọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ rodo ọwọ́ ara rẹ̀ ní London ní oṣù kẹjọ mọ̀ pé inú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, ni òun gbọ́dọ̀ ti gbin hóró rẹ̀ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí yìnyín ṣì wà níta. Bó bá dúró di ìgbà tí oòrùn bá yọ, òtútù mìíràn á bá ata náà ní òdòdó. Kò sí ẹni tó ń pè é ní àṣejù níbẹ̀. (Àwọn tó ń di hóró sínú báàgì láti Nàìjíríà lọ fún wọn, kí wọ́n mọ̀ pé òfin Ìlú Ọba ń bèèrè ìwé ẹ̀rí ìlera lórí hóró ata.)

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń polongo ọgbà ilé kì í sábà sọ. Bí gbogbo ilé bá ní ata tirẹ̀, kí ni aláta yóò jẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé gbogbo ilé kò lè ní in, àti pé ilé tó ní rodo ṣì ń ra tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà. Tàtàṣé kò fẹ́ràn àpò àti ike bíi rodo. Ohun tí ọgbà ilé lè ṣe ni kó mú ìdílé kan la oṣù mẹ́ta tó le jù kọjá. Ojú ọ̀nà Kánò sí Èkó, ilé ìtọ́jú tó tutù fún ẹ̀fọ́, omi ìsédò tí wọ́n lè lò ní Òkè-Ògùn kí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ náà lè gbin ata ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìyàwó ilé. Ìkẹyìn yìí gan-an ni ì bá dí àlàfo oṣù karùn-ún pa ju ohunkóhun lọ, nítorí pé ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn kò gun bíi ti Kánò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ike ọ̀dà méjì tó wà lẹ́yìn ilé ṣe àwáwí fún un.

Ẹni tó bá sì ti ní ata tó ń so nínú ọgbà báyìí, kó wo ìdí tó ní ìlera jù, tó ń so jù, tí wíwé ewé kò mú. Kó so òwú pupa mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kan kí àwọn ọmọ tó ń ká ata fún ọbẹ̀ má baà kàn án. Èso mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá pọ́n lórí ẹ̀ka náà ti tó fún hóró oṣù kọkànlá, yóò sì ṣẹ́ kù fún aládùúgbò.